Ẹ̀yìn Níní, Ẹ̀yìn Fareedah

Àfi bí ẹni tó ru ìkòkò omi tí kò fẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù ni ọmọbìnrin náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé àyẹ̀wò kan ní Palmgrove. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìkòkò lórí rẹ̀. Híjáàbù aláwọ̀ sánmà ló wà níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ funfun lọ́rùn rẹ̀, fáìlì lábẹ́ apá. Mùíz, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, gbàgbé ohun tó ń sọ lọ́wọ́.

Bó ṣe dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Orúnkún ló tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró ṣánṣán, ó mú bírò, ó dìde bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á láti òkè. Mùíz sọ nínú ara rẹ̀ pé ìgbéraga ọmọ yìí kò kéré. Ó sì rí i pé òun fẹ́ràn ìgbéraga náà.

"Ta ni Níní Ọlápọ̀sí?" ni ọmọbìnrin náà bèèrè.

Àbúrò Mùíz ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́rìn-ín, tí kò ní ọ̀tá kankan láyé ju ìṣirò lọ. Ìyá wọn, Àlhájà Munirat, fún un ní pọ́ńdà sójú kí wọ́n tó kúrò nílé, ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó sì rọra sọ fún un pé kó dúró dáadáa, pé wọ́n fẹ́ ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀.

Aṣọ Iléyá ló tú àṣírí ẹ̀yìn Níní. Híjáàbù ti bo èjìká rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Nígbà tí aránṣọ gbé gáùn rẹ̀ wá, ẹsẹ̀ aṣọ gùn lápá kan, ó kúrú lápá kejì. Àlhájà Munirat bá aránṣọ jà, pé ojú rẹ̀ wà níbòmíràn nígbà tó ń gé aṣọ. Aránṣọ tú u, ó tún un rán, ó tún wọ́. Wọ́n tún bá a jà. Ọjọ́ tí obìnrin náà ní kí Níní bọ́ aṣọ kó yí ẹ̀yìn padà ni Àlhájà rí i pé kì í ṣe aṣọ ló wọ́. Eegun ẹ̀yìn ọmọ náà ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ sápá ọ̀tún, ó sì yípo padà bí odò tó ń wá ibi tí yóò gbà.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Mùíz ń ṣe ní Bajulaiye, nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn fi sílẹ̀ kó tó kú. Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò yẹn rí, ì bá lọ sí ìlú òyìnbó kó hewú síbẹ̀, bó bá gbóòórùn íǹkì tútù lára ìwé kan báyìí, Bajulaiye ni ọkàn rẹ̀ máa sáré lọ: ariwo ẹ̀rọ láti àárọ̀, bébà tí wọ́n tò jọ dé àjà, kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ tí wọ́n sá sórí okùn nígbà tí ọdún yìí kò tíì dàgbà. Ibẹ̀ ni Mùíz ti kọ́ láti máa fi ojú kan mọ ohun tó bá wọ́. Ó sì dùn ún pé òun kò rí ti ọmọ ìyá òun.

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin náà mú Níní wọlé tó fi tún jáde, Níní lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó dúró báyìí? Ó na ara rẹ̀ bíi sójà, ó sé èémí, ó sì ń fi tipátipá tẹ èjìká tó ga wálẹ̀."

"Ṣé kí ọmọ mi wá dúró wọ́gọwọ̀gọ níwájú fọ́tò ni?" ni Àlhájà dá a lóhùn.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ní ọ̀wọ̀ nínú. "Èyí kọ́ ni fọ́tò tẹ́ ẹ máa gbé kọ́ sí páálọ̀, Mà. Dókítà fẹ́ mọ bó ṣe wọ́ tó gan-an. Tó bá na ara rẹ̀, irọ́ ni a máa gbé fún dókítà, orí irọ́ yẹn ni wọ́n sì máa gbé iṣẹ́ abẹ lé." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Níní, ṣó o mọ bó o ṣe máa ń dúró láàárọ̀ tó o bá ń fọ eyín, tí kò sẹ́ni tó ń wò ẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni kó o dúró fún mi."

Níní rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí aránṣọ ti bọ́ aṣọ yẹn lára rẹ̀, àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Èmi ńkọ́?" ni Mùíz bèèrè. "Báwo ni kí n ṣe dúró?"

Ọmọbìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin, ẹ jókòó," ló wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Fareedah Gbádégẹṣin ni orúkọ rẹ̀, ó wà lára káàdì tó fi kọ́rùn. Títí wọ́n fi délé ni Níní ń sín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ: "Bọ̀dá Mùíz, ẹ jókòó."

Dókítà gbé àwòrán náà síwájú iná, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹ̀yìn yẹn ti wọ́ kọjá èyí tí bẹ́líìtì tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn lè mú, ọmọ náà sì ṣì ń dàgbà, bó bá ṣe ń ga ni yóò máa wọ́ sí i, tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ abẹ ni yóò tún un ṣe: wọ́n á fi irin méjì gbé eegun náà ró lójú ọ̀nà, irin náà á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n kí ọ̀bẹ tó kàn án, àwòrán tún kù. Nínú ọ̀kan, Níní á dùbúlẹ̀, á tẹ̀ sápá ọ̀tún, á tẹ̀ sápá òsì, kí wọ́n mọ ibi tó ṣì ń rọ̀ àti ibi tó ti le. Nínú èkejì, á wọ inú ẹ̀rọ MRI, kí wọ́n lè wo okùn tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá, kí ohunkóhun má fara pamọ́ síbẹ̀. Ó dá ọjọ́ àwòrán, ó dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó yẹ̀, nítorí àwọn tó ń dúró de tábìlì iṣẹ́ abẹ yẹn pọ̀, ẹ̀yìn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kí ọjọ́ àwòrán tó pé, wọ́n ní kí Níní ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ọkàn, Mùíz ló sì ń lọ gba èsì wọn. Bí èsì bá ti wà nílẹ̀ ní òwúrọ̀, ọ̀sán ni yóò lọ, nítorí ọ̀sán ni Fareedah máa ń ráyè. Mùíz sọ fún un pé ó ti rí egungun gbogbo ará ilé àwọn tán, ó kù kó wá wo ilé. Fareedah ní òun kò rí egungun tirẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ ní. Nígbà tó ṣe, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Bajulaiye, ó ní òun fẹ́ tẹ káàdì ìsọmọlórúkọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Káàdì tí kò ju àádọ́ta lọ, ìgbà mélòó ló wá wò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́! Àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ti ń gbé àga fún un kó tó dé. Bó bá fẹ́ fi bébà kan hàn án, Mùíz á gbé e sókè dé ojú rẹ̀. Kò mọ ìdí tí òun fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn rí i pé ọmọbìnrin náà kì í tẹ̀ wá sórí tábìlì.

Ọjọ́ kan tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n rìn dé etí ọ̀sà ní Bariga, níbi tí èèyàn ti lè rí afárá gígùn lórí omi, tí ọkọ̀ ń kọjá lórí rẹ̀ bí èèrà. Wọ́n jókòó. Fareedah mú fóònù rẹ̀ jáde.

"Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi hàn ẹ́," ló wí. "Bàbá mi ló máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá wá nítorí mi. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, kí wọ́n tó fún un lómi. Àwọn kan ò mu omi yẹn."

Ó ṣí fóònù rẹ̀. Àwòrán ẹ̀yìn ló wà níbẹ̀, irin méjì tó funfun bí ẹfun sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ojú irin rélùwéè.

"Ẹ̀yìn ta nìyí?"

"Ẹ̀yìn mi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà yẹn. Tèmi wọ́ ju ti Níní lọ."

Ojú Mùíz ni obìnrin náà ń wò, kì í ṣe fóònù. Ó ti mọ bí ojú àwọn ọkùnrin ṣe máa ń rí ní irú àsìkò yẹn. Mùíz wo àwòrán náà pẹ́, ó sì gbé fóònù náà padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Torí ẹ̀ lo kì í fi í bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan."

"Torí ẹ̀ ni."

"Èmi rò pé ìgbéraga ni."

"Ìgbéraga náà wà níbẹ̀," ni Fareedah wí.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu àwọn méjèèjì, àwọn apẹja tó ń tú àwọ̀n nítòsí yíjú wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n máa fi dìde, Mùíz ti sọ fún un pé òun kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́, pé bí bírò bọ́, bí ṣíbí bọ́, bí ayé fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, òun ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ mú un.  Fareedah ní kó kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

Mùíz kò rí ewu níbẹ̀. Ó rò pé inú Àlhájà yóò dùn ni, pé yóò rí nínú Fareedah ohun tí Níní máa dà lọ́la: obìnrin tó dúró, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wà ni ìyá rẹ̀ ń ṣà ní páálọ̀ nígbà tó sọ ọ́ fún un. Ọwọ́ Àlhájà dúró lórí àwo.

"Irin? Lẹ́yìn obìnrin? Mùíz, báwo ló ṣe máa gbé oyún? Ìgbà tó bá bímọ, báwo ló ṣe máa pọ̀n ọ́n? Ìwọ nìkan lọmọkùnrin tí bàbá ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Mùíz ní dókítà ti sọ pé irin kì í dí oyún lọ́wọ́, pé àwọn tó ní irú rẹ̀ ń bímọ, wọ́n sì ń tọ́ ọ. Àlhájà ní dókítà kọ́ ló máa bá òun dúró de ọmọ-ọmọ.

"Mọ́mì, irú irin yẹn gan-an la fẹ́ fi sẹ́yìn Níní."

"Ti Níní yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Ọmọ mi ni Níní," ni Àlhájà wí, ó sì padà sórí ẹ̀wà rẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni Fareedah. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ilé tèmi."

Wọn kò mọ̀ pé Níní wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó fẹ́ wá bèèrè iyọ̀ ni. Ó padà sí kíṣíìnì láì mú iyọ̀ náà.

Nígbà tí ọjọ́ àwòrán pé, Níní kò wẹ̀, kò múra. Ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú aṣọ oorun. Ìyá rẹ̀ rò pé ẹ̀rù ẹ̀rọ ńlá yẹn ló ń bà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́, ó ní òun á dúró ti ilẹ̀kùn. Níní mi orí.

"Mọ́mì, ẹ ní ẹni tó nírin lẹ́yìn ò ṣeé fẹ́. Ẹ jẹ́ kí tèmi máa wọ́ lọ. Híjáàbù á bò ó."

Kò sunkún. Ìyẹn ló ba Mùíz lẹ́rù jù lọ. Ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó bẹ àbúrò rẹ̀, ó bínú sí i, ó tún bẹ̀ ẹ́. Níní ń wo ògiri. Bí wọn kò bá ya àwòrán náà lọ́jọ́ yẹn, tábìlì iṣẹ́ abẹ máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, Ọlọ́run nìkan ló sì mọ ibi tí eegun yẹn máa wọ́ dé kó tó tún kàn wọ́n.

Àlhájà Munirat dúró láàárín yàrá fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. Ó fa ìborùn rẹ̀, ó jáde, kò sì sọ ibi tó ń lọ.

Palmgrove ló lọ. Nígbà tó yá ni Mùíz gbọ́ bó ṣe rí níbẹ̀. Àlhájà bẹ Fareedah pé kó tẹ̀lé òun wálé, kó fi ẹ̀yìn rẹ̀ han ọmọ náà, kó bá òun pa á lérò dà. Fareedah ti gbọ́ ohun tí Àlhájà sọ nípa òun. Mùíz kò fi pa mọ́ fún un. Fareedah fún Àlhájà ní àga, ó dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi sọ tẹnu rẹ̀ tán.

"Mà, kò sóhun tí mi ò lè ṣe fún Níní," ló dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹnu yín ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu mi ò lè pa á rẹ́. Bí mo bá bá yín lọ, á kàn rí mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn ò fẹ́ ni. Ẹ padà lọ bá a. Màá dúró dè yín títí di ìrọ̀lẹ́, bó bá wá o, bí kò wá o."

Kò gbé ohùn sókè, kò sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àlhájà wí nígbà tó yá pé ibẹ̀ gan-an ni òun ti mọ irú ẹni tí òun fẹ́ pàdánù.

Nígbà tó padà délé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Níní. Mùíz wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Dìde, lọ wẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ ń dúró dè wá."

Níní yíjú padà. "Ìyàwó wo?"

"Fareedah."

"Tó nírin lẹ́yìn?"

"Òun náà."

Ọmọ náà rò ó. "Ṣé ó ti gbà ni?"

"Mi ò tíì bi í. Ó ṣeé ṣe kó kọ̀. Mo sọ ohun tí kò dáa, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ mí." Ohùn Àlhájà wọlẹ̀. "Níní, ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù ẹ̀yìn ẹ ni. Mo wá lọ sọ ọ́ sórí ọmọ ọlọ́mọ."

Níní dìde, ó sì lọ wẹ̀.

Ní ilé àyẹ̀wò, níwájú ọmọ rẹ̀, níwájú àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Àlhájà Munirat sọ fún Fareedah pé kó forí ji òun. Fareedah kúnlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, ó ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àlhájà fà á dìde. "Níní," ló wí, "ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ ló máa ya ẹ́."

"Ẹnì kankan ò tíì bi mí o, Mà," ni Fareedah wí, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì rẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Níní bèèrè bóyá òun lè fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Fareedah yí padà. Ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí aṣọ.

"Ṣé kì í tutù?"

"Kì í tutù. Bí ara mi bá ṣe gbóná ló ṣe máa ń gbóná."

Níní gorí tábìlì. Ó tẹ̀ sápá ọ̀tún débi tó lè dé, ó tẹ̀ sápá òsì. Àwòrán náà fi hàn pé apá ìsàlẹ̀ ṣì ń rọ̀, inú dókítà dùn sí i púpọ̀, nítorí kò ní fi irin débẹ̀, ọmọ náà á ṣì lè tẹ̀ láti ìbàdí. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ẹ̀rọ tó ń lù gbàgbàgbà bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó fẹ́ bàjẹ́. Níní ní òun kò bẹ̀rù rárá, pé ariwo Bajulaiye ju bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn inú eegun náà mọ́ tónítóní, kò sóhun tó fara pamọ́ síbẹ̀.

Níta, Mùíz dúró de Fareedah.

"Ìyá ẹ ti pè mí ní ìyàwó," ni Fareedah wí. "Ìwọ ńkọ́, olówó orí mi tí ò sọ̀rọ̀?"

Mùíz bi í. Ó gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó ti tò jọ, ó kàn bèèrè pé ṣé yóò fẹ́ òun. Fareedah ní kí àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ dìde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ná, kí òun rí i kó rìn, ìgbà yẹn ni òun máa dáhùn. Nígbà tí Níní gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́bàá ibùsùn ọsibítù, tó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, tó sì ga ju ìyá rẹ̀ lọ lójijì, Fareedah sún mọ́ etí Mùíz, ó ní: "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọjọ́ tí ẹbí Ọlápọ̀sí lọ tọrọ ìyàwó ní Ladi-Lak, Bàbá Àlímì, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ló ṣáájú. Bàbá Fareedah, Àlhájì Ràmọ́nù Gbádégẹṣin, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ti ń ta táyà ládùúgbò yẹn láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àṣà rẹ̀. Ó kí wọn tán, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Kẹ́ ẹ tó wọlé, ọ̀rọ̀ kan wà nípa ọmọ mi tí mi ò fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Bàbá Àlímì fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n Àlhájà Munirat ti bọ́ síwájú.

"Àlhájì, ẹ forí jì mí tí mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Níní, wá síbí."

Níní jáde láàárín wọn. Ó ká híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, ó dúró gbọnrangandan lójú oòrùn. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró bẹ́ẹ̀.

"Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, ó wà nílé mi," ni Àlhájà wí. "Ẹ wò ó. Ọ̀kan ni mo ní, ẹnìkejì ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín."

Àlhájì Ràmọ́nù wo ọmọ náà. Ó rìn yí i ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún padà wá síwájú rẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí kankan lójú rẹ̀. Ó kọjú sí ìyá Mùíz.

"Àlhájà, ẹ má tọrọ mọ́," ló wí. "Ẹ wọlé, ká dá ọjọ́."